Bàálù Dín Kù: Bi Fúnmi Kí O Tó Fi Àyè Rẹ Sílẹ̀

Ilé Bàbá Múfú,
Ọ̀kà Àkókó,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Nímọ́tà ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n tí kò wúwo lẹ́yìn mi,

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá ọ ní ìlera, kí ó sì bá ọ kí ọwọ́ rẹ tó kan ìwé tí ilé-iṣẹ́ bàálù yín gbé fún ọ. Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín pé ìyá rẹ tún padà sídìí bírò nígbà tí fóònù wà. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, bí mo bá ti sọ gbólóhùn méjì, ìwọ á bú sẹ́kún, èmi náà á bú sẹ́kún, káàdì á tán, a ò sì tíì sọ nǹkan kan. Lẹ́tà kì í sunkún. Bí ẹkún bá dé, gbé e sílẹ̀, nu ojú rẹ, kí o tún gbé e.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ayọ̀ mi, kí ó má baà máa já wọ àárín ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo ti di ìyàwó, Nímọ́tà. Èmi tí mo jẹ́ opó láti ìgbà tí o ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé, mo tún ti di ìyàwó ilé, mi ò sì tíì mọ bí mo ṣe lè jí láàárọ̀ kí n má rẹ́rìn-ín. Òkè Ọ̀kà tutù ju Ìkàrẹ́ lọ. Ìkúukùu a máa gba ojú fèrèsé wọlé bá wa, n ó ṣì máa wá ìbora, Bàbá Múfú á ti gbé omi gbígbóná dé ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ìyàwó, omi ìwẹ̀ rẹ rèé," bí ẹni pé ọmọ ogún ọdún ni mí. Tí mo bá ní kí wọ́n má ṣe wàhálà, wọ́n á ní wàhálà ló wà lójú ọ̀nà Èkó, omi gbígbé kì í ṣe wàhálà. Kí Ọlọ́run forí ji bàbá tó bí ọ. Mi ò gbàgbé wọn, ọkọ mi yìí gan-an kò sì ní kí n gbàgbé.

O mọ bí a ṣe pàdé, ṣùgbọ́n ó wù mí láti tún un sọ. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí gbogbo ayé ń wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀rọ omi nídìí láti fi fọwọ́, èmi tí mo ti ń ta ike lọ́jà Ìkàrẹ́ tipẹ́, ọjà mi wá yá. Wọ́n rán Bàbá Múfú láti páàkì Ọ̀kà, níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ Èkó, kí wọ́n wá ra ọ̀kan. Ní ọjọ́ ọjà kejì, wọ́n padà wá, wọ́n ní ó ń jò. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún padà wá, wọ́n ní ó tún ń jò. Mo ní, "Bàbá, àbí ẹ̀yin lẹ ń fi nǹkan gún un?" Wọ́n ní, "Rárá o. Ojú ọ̀nà Ìkàrẹ́ ló ti mọ́ mi lára." Obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi kò gbójú sókè lórí ẹ̀gúsí tó ń bó, ó kàn ní, "Ìyá Nímọ́tà, bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń jò o."

Mo rò pé kí a dúró kí àrùn lọ tán ká tó so yìgì, kí a lè pe èèyàn. Bàbá Múfú ní, "Ọjọ́ orí wa ò gbọ́ pé ìjọba ní kí gbogbo nǹkan dúró." Bẹ́ẹ̀ ni Àlùfáà ṣe so ó ní pálọ̀ àbúrò mi, àwa díẹ̀ tí òfin gbà láàyè nínú ilé, àwọn yòókù níta lẹ́yìn fèrèsé, wọ́n bo imú, wọ́n ń ṣe àmín láti ibẹ̀. Kò sí ìrẹsì tó pọ̀, kò sí àga tí a háyà. Àmọ́ yìgì so, ó sì dúró.

Ìwọ nìkan ni ojú mi ń wá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ yín pè yín jọ ní Àkúrẹ́, tí wọ́n sọ fún yín pé bàálù tí ń wá lójoojúmọ́ kò ní máa wá lójoojúmọ́ mọ́. Láti ìgbà náà, ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń jẹ ẹran lójú ọmọ tí ebi ń pa. Mo ń rẹ́rìn-ín níbí, ìwọ ń sunkún lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ohun tó bá ojú ló bá imú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ eléyìí, mi ò sì ní dìde títí n ó fi sọ ohun tó wà nínú mi tán, àfi bí wọ́n bá pè mí kí n wá jẹun, torí ìyàwó tuntun ni mí, mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iṣu tutù.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Má bínú sí àwọn ọ̀gá yín ju bó ṣe yẹ lọ.

Èmi náà bínú o. Ìgbà tí o sọ fún mi pé wọ́n kọ́kọ́ yọ bàálù ọ̀sán, tí wọ́n sì wá jẹ́ kí ti àárọ̀ máa wá lẹ́ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀, mo bi ọ́ pé kí ló dé tí wọn ò lè ṣe sùúrù kí èrò kún. O rántí ohun tí o wí? O ní, "Mọ́mì, bàálù kì í dúró de èrò. Aago ló ń tẹ̀ lé." Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi tán. Ní Àkókó wa níbí, ta ló ti rí ọkọ̀ tó ṣí láìkún rí? Ìgbà tó bá kún la ń lọ.

Bàbá Múfú ló jẹ́ kó yé mi, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọmọ wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn nígbà kan, kí wọ́n gba òfurufú lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan náà láyé wọn, torí gbogbo ìgbà ni wọ́n fi ń wa mọ́tò lọ. Wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́, wọ́n wo àyíká, wọ́n rí i pé èrò ò ju ìwọ̀nba lọ. Wọ́n lọ bá ọmọbìnrin tó jókòó sídìí káńtà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ku èrò mélòó?" Ọmọ náà ní, "Bàbá, gbogbo wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé." Bàbá Múfú wo àga tó ṣófo, wọ́n ní lọ́kàn ara wọn pé ọmọ yìí ò tíì gbọ́n, èyí kò lè kún kó tó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n bá jáde lọ jẹ iyán. Wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa, wọ́n tún bu omi fọwọ́, ni wọ́n bá gbọ́ ariwo bàálù lókè. Wọ́n ní àwọn tilẹ̀ juwọ́ sí i, àwọn ò mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ló ń lọ.

Lẹ́yìn tí mo rẹ́rìn-ín tán, wọ́n ní, "Ìwọ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n. Bàálù yẹn lọ láìkún. Bí mo bá gbé èrò mẹ́ta lọ sí Èkó, epo tí ọkọ̀ mi á jó kò mọ̀ pé mẹ́ta ni wọ́n. Èmi lè jókòó sábẹ́ igi kí n dúró. Àwọn kò lè dúró. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n kó èrò ọjọ́ méjì mẹ́ta pọ̀ sínú ọjọ́ kan."

Ìgbà náà ni ó yé mi, ọmọ mi. Ẹ̀rù àrùn ló ń ba èèyàn, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ nínú ohun tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Ẹni tó bá lè jókòó sílé jókòó sílé. Ilé-iṣẹ́ yín kò ṣe é láti fi ìyà jẹ yín. Ìdínkù kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Àwa tí a so yìgì ní pálọ̀ pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, tọkọtaya ni wá. Bàálù tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta, bàálù ni.

Ọ̀rọ̀ kejì. Àwọn èèyàn tó bú ọ lórí fóònù, dárí jì wọ́n.

O sọ fún mi nípa ọkùnrin tó fẹ́ lọ sìnkú ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ìwọ ló gbé fóònù láti sọ fún un pé bàálù ọjọ́ rẹ̀ ò sí mọ́, kó máa bọ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀. O ní ó ṣépè fún ọ, pé ìyá tìrẹ náà kò ní rí ẹni sin ín. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ, ìyá rẹ sì ni wọ́n ṣépè fún. Ṣùgbọ́n mo wá rò ó. Òkú ò dúró de ẹnikẹ́ni, àwa Mùsùlùmí gan-an kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òkú. Kì í ṣe ìwọ ló ń bá wí. Ohùn rẹ ni ohùn kan ṣoṣo tó rí gbámú. Mo ti bá ọ ṣe àdúà sí i, èpè náà kò jà. Wò ó, èmi tí wọ́n ní n kò ní rí ẹni sin mí, ilé ọkọ tuntun ni mo wà.

Ọ̀rọ̀ kẹta jẹ́ ti Bàbá Múfú. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọkọ̀ wọn wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí mọ́tò má gba ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Láràárọ̀, wọ́n á lọ tanná sí i, wọ́n á jẹ́ kó kùn díẹ̀, wọ́n á tì í síwájú, wọ́n á tì í sẹ́yìn, wọ́n á sì pa á. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní, "Kò síbi tí mò ń lọ. Ọkọ̀ tó dúró ló ń bàjẹ́ jù. Táyà á gbé ara lé ojú kan, eku á jẹ wáyà, ọjọ́ tí ọ̀nà bá ṣí, ẹni tí kò tanná sí tirẹ̀ á máa wo ẹ̀yìn ẹlòmíràn." Mo wá rántí pé ìwọ náà ti sọ fún mi bí wọ́n ṣe to àwọn bàálù sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n fi nǹkan dí ẹnu ẹ́ńjìnnì wọn kí ẹyẹ má baà kọ́lé síbẹ̀, tí àwọn kan ń lọ yí táyà ẹsẹ̀ wọn po. Mo sọ ọ́ fún wọn, inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Awakọ̀ ni gbogbo wa."

Nítorí náà, Àjíkẹ́, ní ọjọ́ tí bàálù ò bá wá, má sùn títí oòrùn á fi dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ. Jí, wẹ̀, ka ìwé iṣẹ́ rẹ, jáde síta. Bí iṣẹ́ mìíràn bá yọjú ní ọjọ́ òfìfo wọ̀nyẹn, má tijú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé mi bọ̀ wá sílé ọkọ, a gba Àkùngbá kọjá. Ọkàn mi bàjẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti lọ sílé, àgádágodo wà lẹ́nu gbogbo ilé tí wọ́n ń gbé, àwọn ọlọ́kadà sùn sórí alùpùpù wọn. Ọkùnrin kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì rẹ̀, àgbàdo bíbọ̀ ló ń tà. A dúró rà á. Mo ní, "Ẹ kú ìfaradà o." Ó ní, "Ìfaradà kẹ̀? Màámi, ó sàn o. Àgbàdo ò nílò iná mànàmáná." Ó rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín, ó fi ọ̀kan ṣe ènì fún mi torí ó rí i pé ìyàwó ni mí.

Wọ́n ti pè mí jẹun, mo ti jẹun, mo ti padà. Jẹ́ ká wá kan ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ kelòó tí èyí jẹ́ mọ́.

Nímọ́tà, o ní ẹ̀yin méjì lẹ wà nídìí káńtà, ìwọ àti Fúnmi. O ní ìgbà tí bàálù dín kù, wọ́n ní ẹnìkan ló tó. O ní ìwọ ni wọ́n mú, kì í ṣe torí pé o mọṣẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n torí pé Fúnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ṣì wà nílé pẹ̀lú ìkókó nígbà tí wọ́n ń yan èèyàn. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní ilé-ìwé aládàáni, ilé-ìwé sì ti tì, kò sówó oṣù. Ọjọ́ Jímọ̀ yìí lo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé o gbà á. O sì ti pinnu pé o kò ní fọwọ́ sí i. O ní wàá kọ̀wé pé o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi Fúnmi sí àyè rẹ. O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé o fẹ́ kó jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu fún un.

Ọmọ mi, mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́ nìkan. Mo ní, ọmọ tí mo bí rèé. Bàbá rẹ ì bá fi ọ́ yangàn. Nítorí náà, má rò pé mò ń kọ ọ́ láti sọ fún ọ pé kí o máa jẹ tìrẹ, kí ẹlòmíràn máa wá tirẹ̀. Ohun tó jọ èyí ni èmi náà ṣe nígbà tí mo kéré sí ọ, mo sì fẹ́ kí o mọ bó ṣe parí.

Ìgbà tí mo jáde girama, ilé búrẹ́dì kan lójú ọ̀nà Ìkáràm ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Èmi àti Rábí, ọ̀rẹ́ mi, la máa ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dáná sí ààrò nígbà náà. Àfi bí fúláwà ṣe wọ́n, tí ọ̀gá wa wá ń yan búrẹ́dì ní àìsùn ọjọ́ ọjà nìkan. Wọ́n ní kí Rábí máa lọ sílé, kí n dúró. Mo bọ́ épúrọ́ọ̀nù mi, mo ká a dáadáa, mo gbé e sórí tábìlì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ pe Rábí padà, ẹ fi àyè mi fún un." Mo ń rìn lọ sílé, ara mi ń yá gágá, mo ń fojú inú wo bí Rábí á ṣe dì mọ́ mi.

Ọ̀gá kò pe Rábí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n pè.

Nírọ̀lẹ́, Rábí dé ilé wa. Kò jókòó. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ṣìkírá, ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Mo ní, "Nítorí rẹ ni mo ṣe é."

Ó ní, "O bi mí? Ìwọ ni mo gbójú lé. Mo ti ní bí fúláwà bá dé, Ṣìkírá ló máa rán wọn létí pé Rábí wà nílé. Ní báyìí, ta ló kù nínú ilé búrẹ́dì yẹn tó mọ orúkọ mi?"

Fúláwà padà dé. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sí ààrò lójoojúmọ́, wọ́n gba ọmọbìnrin mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó rántí èmi, kò sẹ́ni tó rántí Rábí. Inú rere ló wà nínú mi, mo búra. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé orí Rábí ni mo ń fá, Rábí ò sì sí níbẹ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ṣé o rí ohun tí mo ń sọ? Bí o bá jáde, àyè rẹ kì í ṣe tìrẹ mọ́ láti fi tọrẹ. Ọ̀gá ló ni ín. Wọ́n lè fún Fúnmi, wọ́n lè fún ọmọ ẹlòmíràn, wọ́n tilẹ̀ lè sọ pé ó tán, ẹnikẹ́ni ò wọlé mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì á wá dúró síta. Ẹni tó bá ṣì wà nínú ilé ló lè ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó wà níta.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Bàbá Múfú, má bínú, ọkọ mi ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ò sì ṣeé dá gbé lóru. Wọ́n ní ní páàkì àwọn, bí èrò bá dín, tó jẹ́ pé ọkọ̀ méjì wà lórí ìlà tí èrò ọkọ̀ kan péré ló wà nílẹ̀, wọ́n á kó gbogbo wọn sínú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá lọ kò ní gbé kọndọ́ tirẹ̀. Kọndọ́ ẹni tó dúró ni yóò gbé. Báyìí, ọkọ̀ méjèèjì ló ní ẹnìkan lójú ọ̀nà, ilé méjèèjì ló sì máa dáná. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tó dúró lánàá á lọ, á gbé kọndọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Mo ní, "Tí kọndọ́ náà bá jẹ́ ọ̀lẹ ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ọ̀lẹ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Wọ́n fi ọ̀kan bá mi lọ rí tó sùn láti Ọ̀wọ̀ dé Òrè, èmi ni mò ń gba owó, èmi ni mò ń wakọ̀, èmi tún ni mò ń pe èrò. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé ọ̀lẹ ọ̀rẹ́ rẹ lónìí, òun náà á gbé tìrẹ lọ́la."

Mo wá rò ó pé ọjọ́ mẹ́ta ni bàálù yín ń wá. Ṣé kò ṣeé ṣe kí ìwọ ṣe ọ̀sẹ̀ kan, kí Fúnmi ṣe ọ̀sẹ̀ kejì, kí ẹ pín àyè kan náà títí èrò á fi padà? Owó á kéré, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀yin méjèèjì á ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ yín á gbà. Wọn kì í ṣe páàkì Ọ̀kà. Bi wọ́n, kí o tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, fọwọ́ sí i, jókòó sídìí káńtà náà, kí o sì máa dárúkọ Fúnmi létí wọn títí á fi sú wọn.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, lẹ́yìn tí o bá ti bi Fúnmi ni. Èmi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n. Bóyá ó ń fẹ́ iṣẹ́ náà lójú méjèèjì. Bóyá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú òun kúrò lọ́dọ̀ ìkókó rẹ̀ nígbà tí àrùn ṣì wà níta. Bóyá ó fẹ́ lọ bá àwọn òbí rẹ̀ ní Òkè-Àgbè títí ọmọ á fi rìn. Bóyá á bínú sí ọ pé ìwọ ni wọ́n mú. Bí ó bá bínú, jẹ́ kó bínú lójú rẹ. Gbé nǹkan dání fún ìkókó, bo imú rẹ, jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí o sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́: pé wọ́n mú ọ, pé ó ń dùn ọ́, pé o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Kí o wá dákẹ́, kí o gbọ́ tirẹ̀.

Bí ẹ bá wá jọ sọ ọ́ tán, tó bá jẹ́ pé fífi sílẹ̀ ló tọ́ lójú ẹ̀yin méjèèjì, fi í sílẹ̀. Mi ò ní bá ọ jà. Yàrá kan wà nílé yìí tó kọjú sí òkè, Bàbá Múfú ti fi ẹní sí i, wọ́n ti ń pè é ní yàrá Nímọ́tà fún àwọn tó ń wá kí wa. Máa bọ̀ nígbà tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má sá wá nítorí pé o kò lè wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ. Ilé yìí kì í ṣe ibi ìsápamọ́. Ilé ayọ̀ ni, mo fẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ ayọ̀ wọ̀ ọ́.

Mi ò mọ ọgbọ́n tó ju èyí lọ. Kí Ọlọ́run tó fún mi ní ọkọ ní ọdún tí gbogbo ayé ti ilẹ̀kùn mọ́rí má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Kí Ó wo ìkókó Fúnmi dàgbà. Kí ojú òfurufú tún kún.

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ páàkì Bàbá Múfú ló ń lọ sí Àkúrẹ́ lọ́la, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Á sùn síbẹ̀, á padà ní Ọjọ́bọ̀. Ó máa bi ọ́ bóyá o ní èsì tó máa mú bọ̀ fún mi, torí mo mọ̀ ọ́n, ó fẹ́ràn láti máa jíṣẹ́. Sọ fún un pé kò sí. Má fún un ní nǹkan kan, má sì pè mí lálẹ́ ọ̀la láti sọ ohun tí o pinnu. Èmi kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Fúnmi ni.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ṣìkírátù, ìyàwó Bàbá Múfú.